Mọ́tò oníná kékeré fún ìrìn inú ìlú Kàbà: kí n rà á ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Kọ́yà, Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú ooru yìí.

Tísà ni mí ní Kàbà níbí. Corolla 2003 tí mò ń wà ti sìn mí dé ibi tó lè sìn mí dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, gééjì epo ni mò ń wò ju títì lọ. Lóṣù tó kọjá mo mú ìwé kan, mo ń kọ gbogbo ibi tí mo bá wa ọkọ̀ dé sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ilé sí iléèwé, iléèwé sí ọjà, ìdánrawò akọrin nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ilé ẹ̀gbọ́n mi tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ tí mo rìn jù, kìlómítà 27. Ọjọ́ tí mo rìn kéré jù, 9. Lọ́kọ́jà nìkan ló ń da ìṣirò yìí rú, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nǹkan bí 80 lálọ, 80 lábọ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Àbújá ní kí n yé fi owó oṣù ra epo, kí n jẹ́ ká ra èyí tó ń lo iná. Ó ti rí méjì. Ọ̀kan ni Wuling Hongguang Mini EV, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà láti 2020, tó dà bí páálí ìṣáná tí wọ́n fi táyà sí. Ìkejì ni Nissan Leaf tòkunbọ̀, 2013. Owó wọn ò jìnnà síra. Ọkọ mi wo fọ́tò Wuling títí, ó ní, “Èyí, ṣé a ó máa gbé e wọ yàrá lálẹ́ ni?”

Iná àdúgbò wa kì í ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ lójúmọ́, òru ló sì sábà máa ń dé. Ṣé ìyẹn tó bọ́ mọ́tò? Èwo nínú méjèèjì ni kí n mú? Ẹni tó ti wa irú rẹ̀ lójú ọ̀nà tiwa ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò. Ẹ má bínú, mo mọ̀ bí a ṣe máa ń gba ara wa nímọ̀ràn.

Ọmọ Bùnú

Àǹtí, ẹ tún Corolla yín ṣe. Mẹkáníìkì wo ló máa tú mọ́tò oníná ní Kàbà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe? Ọjọ́ tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́nà Obajana láàárín àwọn tírélà símẹ́ǹtì, ta lẹ máa pè? Kọnkéré tí wọ́n fi ṣe títì yẹn dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí tírélà máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ò wa irú rẹ̀ rí o. Ẹ ti ní kí irú wa má dáhùn, mo gbọ́.

Bàbá Ìbejì, Felele

Òkun, Àǹtí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń wa Leaf ní Lọ́kọ́jà, mo rò pé ẹ ó gbà kí n sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjùmú ni mí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Felele ni ilé mi, Adankolo ni ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wo ògiri ilé yín. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé tèmi délé, gbogbo àdúgbò ló péjọ. Mo ki orí wáyà kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ki èkejì bọ imú ọkọ̀, torí imú ni ti Leaf ti ń jẹun. Àpótí kékeré tó wà láàárín wáyà náà tan iná pupa, ó dákẹ́. Mo yọ ọ́, mo tún un kì. Pupa. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. N kò sùn lóru yẹn, ohun tí màá sọ fún ẹni tó yá mi lówó ni mò ń rò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin tó ń ṣe iná fún wa fi téstà kan ògiri, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ilé yín ò ní ẹ́ẹ̀tì.” Ọdún mẹ́rìnlá la ti ń gbé inú ilé yẹn! Fíríìjì ò bínú, tẹlifíṣọ̀n ò bínú, áyọ́ọ̀nù ò bínú. Mọ́tò ló ní òun ò lè jẹun nílé tí wáyà rẹ̀ kò wọlẹ̀. Kò sì jẹ̀bi, torí bí iná bá já sára ọkọ̀, inú ilẹ̀ ló yẹ kó gbà lọ, kó má gba ara ẹni tó di ilẹ̀kùn mú.

A gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi àwo máa ń ṣàn gbà, nítorí ilẹ̀ tó tutù ló ń gba iná. A gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀, a da èédú tí a ti gún àti iyọ̀ yí i ká, a bu omi lé e. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òrìṣà wo là ń bọ. Nígbà tí mo padà ki wáyà, iná àwọ̀ ewé ló tàn. Inú mi dùn débi pé mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò.

Ọjọ́ kẹrin, òórùn ike tó ń jóná ló jí wa ní aago méjì òru. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni mo lò, irú èyí tí à ń ki áyọ́ọ̀nù sí. Áyọ́ọ̀nù á fa iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sinmi. Mọ́tò á fà á fún wákàtí méje láìmí. Orí páọ̀gì ti rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sómi. Láti ìgbà náà, wáyà tó nípọn ni mo fà láti ìdí mítà wá síbi tí ọkọ̀ ń sùn, òun nìkan ló ni ín, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ dé. Bí Leaf yẹn bá sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ wáyà tó bá a wá wò dáadáa: iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa jẹ́ 230. Ẹ má kì í bọ ògiri rárá, ẹ ní láti ra òmíràn.

Ó yá, Leaf fúnra rẹ̀. Lápá ọ̀tún gééjì bátìrì, ẹ ó rí ìlà kéékèèké 12. Kì í ṣe iye iná tó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ orí bátìrì ni. Bí àkọ́kọ́ bá ti lọ, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ti lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 6. Mẹ́wàá ni tèmi ní nígbà tí mo rà á, ó ti di mẹ́sàn-án. Nígbà tí Leaf 2013 ṣì wà lọ́mọ tuntun, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, ó rin kìlómítà 135. Èmi ń rí 85 bí mo bá fara balẹ̀, 70 bí mo bá tan éésì lọ́sàn-án. Leaf ò ní ohunkóhun tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì rẹ̀ lára tàbí tó ń fi omi tù ú, ẹ sì mọ Lọ́kọ́jà: òkè lẹ́yìn, odò níwájú, ooru láàárín. Kàbà yóò ṣàánú bátìrì díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn olówò kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ìlà 12 lè padà yọ. Ẹ wá ẹni tó ní áàpù LeafSpy lórí fóònù àti ohun kékeré tí wọ́n ń kì sábẹ́ sitiárì, kó ka ìdá agbára bátìrì tó kù fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á fún kìlómítà 20, ẹ wo iye tó jẹ. Èyí kò ṣeé parọ́.

Ọ̀rọ̀ Lọ́kọ́jà. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Kàbà. Bátìrì kún dẹ́nu nígbà tí mo kúrò ní Felele. Mo pa éésì, mo ṣí wíńdò, agbádá ń fẹ́ lélẹ̀. Títí dé Obajana, ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ Kàbà ga ju Lọ́kọ́jà lọ, ọ̀nà yẹn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i; ẹsẹ̀ tó wà lórí ohun tí à ń tẹ̀ fún eré ló ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ku bíi kìlómítà mẹ́sàn-án kí n dé, nọ́ńbà pòórá lójú gééjì, ó ku ìlà gbọọrọ mẹ́ta. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwòrán kan yọ níwájú mi. Ẹ mọ ohun tó jẹ́? Ahun. Àwọn ará Jàpáànù ya Ìjàpá sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n ní kó máa tàn bí agbára bá ti tán. Mo sì ń rìn bí Ìjàpá lóòótọ́, ọ̀kadà tó gbé àpò iṣu méjì yà mí sílẹ̀, ẹni tó jókòó lórí iṣu náà sì juwọ́ sí mi. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan tó ní jẹ́nẹ́rétọ̀ ńlá ni mo yà sí. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú agbádá òkú. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń kó àga.

Àbọ̀ yàtọ̀ pátápátá: mo sùn sí Kàbà, wọ́n fún un ní iná lóru, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Lọ́kọ́jà, ó ku ìdá 22. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó máa ń dá iná padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí rò pé ẹ lè máa lọ ẹ máa bọ̀. Ẹ wọ táásì lẹ́ẹ̀kan lóṣù yẹn. Bó bá pọn dandan kí ọkọ̀ yín máa dé Lọ́kọ́jà, a jẹ́ pé irú BYD Seagull lẹ ń wá, tó jáde ní 2023 pẹ̀lú bátìrì tó ń gba yúnìtì iná 30 tàbí bíi 39, irú yúnìtì tí mítà ilé ń kà, owó rẹ̀ sì tún di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Wuling ńkọ́? Ti ọmọ ìyàwó mi ní Àbújá ni mo wà, ọjọ́ méjì péré, torí náà ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Oríṣi bátìrì méjì ló bá ti àkọ́kọ́ wá: yúnìtì 9.3, tí wọ́n ní ó ń rin 120, àti 13.9, tí wọ́n ní ó ń rin 170. Inú ilé ìdánwò ni wọ́n ti rí iye yẹn. Ẹ yọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò. Kò lè sáré ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan, táyà rẹ̀ jẹ́ íńṣì 12, gbogbo kòtò ló ń kí yín lórúkọ. Ẹ bèèrè bóyá ó ní éésì, torí èyí tó wọ́n kéré jù ní 2020 kò ní. Ti àkọ́kọ́ yẹn kò ní báàgì afẹ́fẹ́ tó ń gba àyà èèyàn nígbà ìjàm̀bá náà. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú pẹ̀lú àwọn tírélà tí Ọmọ Bùnú sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìlú, oúnjẹ rẹ̀ kéré púpọ̀. Kìlómítà 27 yín kò ní jẹ ju yúnìtì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, wákàtí méjì sí mẹ́ta iná ti tó. Kò pọn dandan kó kún lójoojúmọ́. Leaf á jẹ bíi mẹ́rin àbọ̀.

Lórí owó: Band A ni àdúgbò mi, àwọn tí iná wọn pọ̀ jù tí owó rẹ̀ sì wọ́n jù. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde lóṣù kẹrin 2024, ₦225 ni yúnìtì kan, ó padà sọ̀ sí nǹkan bí ₦209. Kìlómítà 100 ń gba yúnìtì 17 lára mítà mi, nítorí díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ìyẹn jẹ́ bíi ₦3,550. Corolla á mu lítà 9 nínú ìlú. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ₦8,100 nìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ lẹ fẹ́ máa fi bọ́ ọ, ẹ gbàgbé rẹ̀. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré ń fi lítà kan ṣe bíi yúnìtì méjì. Yúnìtì 17 á jẹ bíi lítà 8 àbọ̀. Ẹ ti padà sídìí Corolla nìyẹn, pẹ̀lú ariwo.

Ọmọ Bùnú, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì tí o sọ, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹ̀ńjìnnì, kò sí òróró ẹ̀ńjìnnì, kò sí páọ̀gì, ohun tí wọ́n ń tú kò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló tíì kọ̀ láti dìde, ó sì jẹ́ bátìrì kékeré fóòtì 12, irú èyí tó wà nínú gbogbo ọkọ̀. Bátìrì ńlá kún, kékeré kú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó jí. Kìkì pé kí wọ́n má jẹ́ kí réwáyà ojú títì fọwọ́ kan àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná inú wọn tó pààyàn.

Sólà Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì ti sọ púpọ̀, agbádá òkú yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe káàkiri Yàgbà, ohun méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un.

Àkọ́kọ́, Àǹtí ní iná ń wá lóru fún wákàtí mẹ́fà. Iná wo? Bó bá jẹ́ háfù kọ́rẹ́ǹtì, kì í ṣe wákàtí mẹ́fà mọ́, torí bí fóòtì bá rẹlẹ̀, oúnjẹ tó ń wọlé náà á dín kù, wáyà mìíràn á sì kọ̀ pátápátá. Ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń fi fóòtì hàn, ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan.

Èkejì, ẹ ṣe sólà. Ẹ máa ń ti iléèwé dé ní aago méjì, oòrùn ṣì wà lókè. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 mẹ́rin, ínfátà tó dára, àti wáyà ọkọ̀ tó ṣeé dín kù sí áńpù 6 tàbí 8, kó máa fa díẹ̀díẹ̀. Láti aago méjì sí márùn-ún, ẹ ó rí yúnìtì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́jọ́ tó mọ́, ó ti tó Wuling. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kó jẹ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ fi bátìrì ilé bọ́ bátìrì ọkọ̀ lóru. Ẹ ó jí nínú òkùnkùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu pánẹ́ẹ̀lì. Eruku ọyẹ́ tiwa níbí ò kéré.

Ìyá Kọ́yà, Kàbà

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo ra mítà yẹn. Aago mẹ́wàá alẹ́, fóòtì 168. Aago kan òru, 171. Aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn tí fíríìjì wọn ti dákẹ́, 214. Ọkọ mi ló ń dìde lọ wò ó. Ọkùnrin tí kì í jí gbàdúrà aago márùn-ún.

A lọ sí Àbújá. Leaf yẹn dán, àga rẹ̀ dára ju àga pálọ̀ wa lọ, ìlà 11 ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tí a mú lọ ki nǹkan rẹ̀ sábẹ́ sitiárì, LeafSpy ní ìdá 68 ló kù. Mo rántí ìṣirò Bàbá Ìbejì: ọkọ̀ tó ní ìlà 11 kò yẹ kó rẹlẹ̀ ju 78 lọ. Mo bi olówò náà. Ó ní fóònù ló ń parọ́. Mo ní kó jẹ́ ká wà á fún kìlómítà 20. Ó ní táyà iwájú ò dáa tó bẹ́ẹ̀. A kí i pé ó dàbọ̀.

Wuling náà ni bátìrì 13.9, ó ní éésì. Kò ní báàgì afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì ti búra pé kò ní kọjá ẹnu ibodè ìlú, ì báà jẹ́ ọ̀nà Obajana, ì báà jẹ́ ọ̀nà Okene. Ọkọ mi tó ní a ó máa gbé e wọ yàrá, ó jókòó síwájú, orúnkún rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wà á. Ó wà á lẹ́ẹ̀mẹrin yí ibẹ̀ ká. A ti san ìdajì owó.

Ọmọ tó ń ṣe iná ń bọ̀ ní Sátidé láti gbẹ́ ihò. Bàbá Ìbejì, iyọ̀ mélòó?

Ọmọ Bùnú

Àǹtí, bẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ fún wa ní fọ́tò. N kò ní rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìbejì, Felele

Ẹ kú oríire, Àǹtí. Àpò iyọ̀ kékeré méjì ti tó, èédú ni kó pọ̀ jù. Kànga dà nínú ọgbà yín? Ẹ jẹ́ kí ihò náà jìnnà sí i.